Iná Tí Ọdẹ́yalé Mọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbọ́ mi, ẹ fìdí mọ́lẹ̀, kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn panu mọ́, nítorí ìtàn tí mo gbé wá yìí kì í ṣe èyí tí a ń fi ẹ̀rín gbọ́. Ìtàn Ọdẹ́jìnmí ni, ọkùnrin abúlé Ìdí-Ahùn, tó mọ igbó bí ẹni mọ yàrá ìyá rẹ̀.

Ọdẹ ni baba rẹ̀, ọdẹ ni baba baba rẹ̀. Nígbà tí baba rẹ̀ kú, kò fi oko kòkó sílẹ̀, kò fi ilé alájà sílẹ̀; tọ́ọ̀ṣì irin kan ló fi sílẹ̀ fún òun àti Ọdẹ́yalé àbúrò rẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì náà gùn bí ọmọ odó, ó wúwo, ara rẹ̀ ti tẹ̀ wọnú, dígí ẹnu rẹ̀ sì ti sán. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, kò ní tàn àfi bí a bá gbá a mọ́ itan. Nígbà náà ni iná rẹ̀ yóò wá yọ ní pípọ́n bí epo, bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun tí inú ń bí. Ṣùgbọ́n iná yìí ni baba fi ń pè wọ́n ní kékeré bí wọ́n bá ṣìnà. Yóò dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀, nítorí ọdẹ kì í tan iná sí ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ lójú. Yóò fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó, yóò ṣí i, yóò tún bò ó, àwọn ọmọ yóò sì máa bọ̀ síbi tí iná pupa náà ti ń ṣẹ́jú.

Nígbà tó yá, Ọdẹ́jìnmí ra tọ́ọ̀ṣì tuntun, irú èyí tí a ń gbé kọ́ èjìká, tí a ń ṣáájì. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ funfun bí òwú, ó ń dé òkè kejì, ẹyẹ tó bá rí i á rò pé ilẹ̀ ti mọ́. Ó gbé ti baba rẹ̀ kọ́ ìṣó, aláǹtakùn sì fi í ṣe ilé. Ẹ má bá a wí jù, ohun tuntun dára. Àmọ́ àwọn àgbà ti wí pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà.

Ọjọ́ burúkú dé, Ọdẹ́yalé tọ ẹ̀jẹ̀ àgbọ̀nrín wọ Igbó Ọ̀sándòru, kò sì padà. Igbó yìí ni àwọn igi ti fi ewé di ojú ọ̀run pa, tí ọ̀sán gangan ibẹ̀ dúdú bí inú ìkòkò, tí àwọn iwin sì fi ń ṣe ìlú. Ìyá wọn kò jẹun mọ́. Nígbà tí Ọdẹ́jìnmí di ìhámọ́ra láti lọ wá àbúrò rẹ̀, ìyá já tọ́ọ̀ṣì irin náà lára ìṣó, ó fi ìró nù ún.

"Ọmọ mi, mú èyí dání. Òun ni àbúrò rẹ mọ̀."

"Ìyá mi, ẹ wo èyí tó wà léjìká mi. Ta ní í gbé àtùpà dání nígbà tí oòrùn wà lápò rẹ̀?"

Ìyá gbé e kọ́ ìṣó padà.

Ọ̀sán ni ó wọ igbó náà, kò sì tíì rìn jìnnà tí ẹ̀dá kan fi dìde lójú ọ̀nà. Orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo, kò sí ojú níbẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì ni ojú rẹ̀ wà. Olójúlọ́wọ́ ni wọ́n ń pè é, òun ni oníbodè ibẹ̀. Ọdẹ́jìnmí tan iná sí i, ẹ̀dá náà sì di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ní ìkúùkù kíákíá láti fi pa ojú dé.

"Ọmọ ènìyàn, ta ní kọ́ ọ pé báyìí ni wọ́n ń kí àgbà?"

"Ẹ má bínú, bàbá. Òkùnkùn kò mọ ẹni ọ̀wọ̀."

"Òótọ́ ni, òkùnkùn kò mọ ẹni ọ̀wọ̀. Ìmọ́lẹ̀ tìrẹ náà kò mọ̀ ọ́n. Dá mi lóhùn kí n tó yà fún ọ: ẹni tó ń wá ènìyàn tó sọnù, kí ló yẹ kí ó kọ́kọ́ ní?"

"Ojú tó ríran jìnnà ni, bàbá. Bí mo bá ti rí i, ó parí."

Olójúlọ́wọ́ mi orí pẹrẹsẹ rẹ̀. "Ìdajì ìdáhùn lo mú wá. Ìdajì tó kù wà lọ́wọ́ ẹni tí ò ń wá. Máa lọ."

Ọdẹ́jìnmí kọjá, kò tilẹ̀ ro ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kejì. Ó rìn títí ó fi dé ìdí àràbà kan, níbi tí arúgbó obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Olójìji jókòó sí, tó ń fi abẹ́rẹ́ gán òjìji mọ́ àwọn iwin lẹ́sẹ̀. Bí iná funfun náà ṣe dé, gbogbo òjìji tí kò tíì gán tán já, wọ́n sá wọ igbó, abẹ́rẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ ìyá arúgbó náà. Ọdẹ́jìnmí dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́, ó sọ ohun tó bá wá.

"Àbúrò rẹ wà láàyè," ni Ìyá Olójìji wí. "Ó wà létí odò níwájú. Ojoojúmọ́ ni àwọn iwin ń tan iná funfun sí i, tí wọ́n ń fi ohùn yín pè é kí ó lè bá wọn sọdá. Ẹni tó bá sọdá odò yẹn kì í padà. Ṣùgbọ́n kò lọ. Ó ní iná baba òun pọ́n, ilẹ̀ ló ń wò, ó sì ń ṣẹ́jú. Ṣé o mú un wá?"

Ọdẹ́jìnmí rántí ìṣó, ó rántí ìró ìyá rẹ̀. "Ìyá, ẹ jẹ́ kí n sáré lọ mú un nílé."

"Igbó yìí kì í ṣílẹ̀kùn fún ẹnìkan lẹ́ẹ̀mejì. Fi aṣọ rẹ bo èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ, dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀, sì máa rọra lọ. Ohunkóhun tó wù kí o gbọ́, má ṣí i."

Ó bọ́ gbérí, ẹ̀wù ọdẹ rẹ̀, ó fi wé ẹnu tọ́ọ̀ṣì náà. Gbérí náà ti pọ́n fún eruku àti ẹ̀jẹ̀ ẹran, ìmọ́lẹ̀ sì gba ibẹ̀ yọ ní pípọ́n. Ó dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀. Ó fi ọwọ́ bò ó, ó ṣí ọwọ́, ó tún bò ó. Bó ṣe ń lọ nìyẹn, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, títí ó fi gbọ́ ìró odò, tó sì gbọ́ ẹsẹ̀ ènìyàn lórí ewé gbígbẹ. Ẹsẹ̀ náà ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi?" ni ohùn kan wí. "Ṣé ẹ̀yin ni?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ayọ̀ ló ṣe é. Ìgbà tó ti rí ojú àbúrò rẹ̀ kẹ́yìn ti pẹ́, ó sì fẹ́ rí i. Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró gba àṣẹ. Ó fa gbérí náà kúrò, ó gbé tọ́ọ̀ṣì sókè.

Iná funfun bo Ọdẹ́yalé lójú. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti kún, ó ti rù, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bà á. Ẹ̀rín náà kú. Ó gbé apá bo ojú.

"Ẹ̀yin iwin náà ni," ló wí jẹ́jẹ́. "Ẹ ti wá kọ́ bí a ṣe ń ṣẹ́jú báyìí."

Ọdẹ́jìnmí pe orúkọ rẹ̀, ó pe oríkì rẹ̀, ṣùgbọ́n èwo nínú rẹ̀ ni àwọn iwin kò tíì pè? Ọdẹ́yalé yíjú, ó sá, kò ríran mọ́, odò tí ó ti ń kọ̀ láti sọdá ló sì sá wọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹ̀lé e, tọ́ọ̀ṣì tuntun bá kú. Ti baba wọn a máa rọ díẹ̀díẹ̀ kí ó tó kú, bí àgbàlagbà tó ń dágbére. Èyí kú lójijì, láìsọ fẹ́nìkan. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ nínú omi, lẹ́yìn náà kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ìyá Olójìji ló fà á lọ́wọ́ jáde, kò sì bá a wí.

Ìyá rẹ̀ ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó rí i pé òun nìkan ló ń bọ̀.

"Ṣé o rí i?"

"Mo rí i, ìyá mi."

"Ṣé òun náà rí ọ?"

Ọdẹ́jìnmí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìgbà yẹn ni ó tó mọ ìdajì ìdáhùn tó kù.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Gbogbo òtòkùlú pé, wọn ò rí oògùn rẹ̀ ṣe. Ní ìrọ̀lẹ́, bí ẹ bá gba etí Igbó Ọ̀sándòru kọjá, ẹ ó bá ọkùnrin kan níbẹ̀ tó ń gbá tọ́ọ̀ṣì irin mọ́ itan, tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó, tó ń ṣí i. Ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ẹ ra tuntun, n kò ní kí ẹ má rà á. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bá ń wá ẹni yín tó sọnù, ẹ má ṣe mú iná tó wù yín lọ. Èyí tí òun mọ̀ ni kí ẹ mú. Ibi tí mo bá ìtàn náà dé nìyí. Ẹ dìde, kí kálukú wo ara ìṣó ilé rẹ̀.