Ọkọ́ tí Fádípẹ̀ Kà ní Bodè

Ní ìlú Ayégbàmí, ìtìjú gbáà ni kí géńdé ọkùnrin gba bodè kọjá láàárọ̀ láìgbé ọkọ́ kọ́ èjìká. Ẹni tí kò níṣẹ́ pàápàá á gbé tirẹ̀ kọ́, kí ará ilé má baà máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí ọ̀dá sì ti ba oko jẹ́, Kábíyèsí ń bọ́ àwọn tí kò ríṣẹ́ láti inú àká ìlú. Ó wá ní kí Fádípẹ̀, ìránṣẹ́ rẹ̀, wádìí bóyá iṣẹ́ ti padà.

Fádípẹ̀ jókòó sí bodè, ó ń ka ọkọ́, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

Ó padà sí ààfin, ó ní, “Kábíyèsí, gbogbo ìlú ti rí iṣẹ́. Àwọn tó ṣì ń gba oúnjẹ, ọ̀kánjúwà lásán ni.”

Ààfin kún fún ayọ̀. Ọba ṣèlérí oyè fún un, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n ti àká láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Fádípẹ̀ sáré lọ sílé Àjíbóyè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó gbé ọkọ́ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fẹ́ fi jó. Ni ó bá rí i pé ọkọ́ náà ti dógùn-ún, bẹ́ẹ̀ ìgbà ìroko ni.

“Ẹ̀gbọ́n mi, oko wo lẹ̀ ń lọ?”

“Oko wo ni mo ní? N kò rí èbù gbìn, ẹnikẹ́ni kò gbà mí síṣẹ́. Abẹ́ igi ni mò ń jókòó sí tílẹ̀ fi ń ṣú. Oúnjẹ àká làwọn ọmọ mi ń jẹ. Ìwọ náà ò ṣáà bi mí.”

Ojú ti Fádípẹ̀, àánú sì ṣe é. Bí ilẹ̀ ti mọ́, eré ló sá lọ bẹ Kábíyèsí wá sí bodè. Ó ní kí olúkúlùkù sọ ọkọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ìwọ̀nba ló ń dán. Ìpàtà ti bo ìyókù. Ẹnu ya ọba, ó ránṣẹ́ kíákíá pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ti àká mọ́.

Ó bèèrè pé, “Ojoojúmọ́ lò ń rí wọn, Fádípẹ̀. Kí ló dé tí o ò mọ̀?”

Fádípẹ̀ nàka sí ara ògiri, níbi tí àwọn alángbá ti ń yáàrùn.

“Kábíyèsí, bí mo ṣe ń wo àwọn wọ̀nyẹn náà ni mo ṣe wo àwọn èèyàn wa.”

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ló di òwe lẹ́nu àwọn àgbà, tí wọ́n fi ń sọ pé: “Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run.”