Ìjàpá Pe Ara Rẹ̀ ní Akọ̀wé Àká

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹnu yín kò ròkè. Ṣé ẹ kò jẹun ni? Àlọ́ o!

Àlọ̀ ọ ọ!

Ẹ̀n-ẹ́n. Àlọ́ mi gbéra nílẹ̀, ó fò fẹ̀ẹ̀, kò bà lé ọba, kò bà lé ìjòyè. Orí ẹni tó rò pé òun ló gbọ́n jù láyé ló bà lé, ẹni tó gbé ilé rẹ̀ sẹ́yìn kiri. Ta ni?

Ìjàpá!

Òun náà ni. Ó tún bà lé ìyá arúgbó kan tó bi Ìjàpá ní ìbéèrè kan ṣoṣo, tí ọ̀rọ̀ fi di wàhálà sí i lọ́rùn. Ẹ jókòó dáadáa.

Ní ayé ìgbà kan, gbogbo ẹranko ló ní fóònù. Ìbídàpọ̀, má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Tí Ìjàpá bá ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn nínú àlọ́, o kì í bi mí léèrè. Kí ló wá dé tí kò fi lè ní fóònù? Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Wọ́n ní fóònù, wọ́n sì ní àká ńlá kan létí ìlú, níbi tí wọ́n jọ ń kó ìre oko sí de ẹ̀ẹ̀rùn. Erin ni olùtọ́jú àká náà. Ẹbí kọ̀ọ̀kan ló ní yàrá tirẹ̀ níbẹ̀, ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan ló sì ní ọ̀rọ̀ tó ń ṣí i. Ẹni tó bá dúró níwájú ilẹ̀kùn tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn, ilẹ̀kùn á ṣí fún un, ìbáà jẹ́ onílé, ìbáà jẹ́ olè. Ilẹ̀kùn kì í wojú. Ìdí nìyẹn tí kò fi sẹ́ni tó ń sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ fún ẹlòmíràn. Erin fúnra rẹ̀ kò mọ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni, kò sì béèrè rí.

Oníwà pẹ̀lẹ́ ni Erin. Bó bá pàdé ẹnikẹ́ni lọ́nà, oríkì onítọ̀hún ni yóò kọ́kọ́ pè kó tó béèrè àlàáfíà. Ó mọ oríkì gbogbo ará ìlú, títí kan ti ọmọ tí wọ́n sọ lórúkọ lánàá.

Ìjàpá ńkọ́? Ìjàpá kò dáko. Nígbà tí àwọn yòókù ń kọ ebè, abẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́ ló wà tó ń fi ìka tẹ fóònù. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, tí gbogbo koríko gbẹ, ebi bẹ̀rẹ̀ sí í pa á. Ó lọ wo yàrá tirẹ̀ nínú àká, aláǹtakùn ló bá níbẹ̀.

Ó ronú títí. Ó ní, "Lóòótọ́ n kò lágbára tí mo lè fi já ilẹ̀kùn. Ṣé n kò lẹ́nu ni?"

Ó gbé fóònù rẹ̀, ó tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí Ẹtu.

Ẹtu ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì ni. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí kò ti rí oorun sùn. Ohun tó rí kà lórí fóònù nìyí:

"Oníyàrá wa ọ̀wọ́n, Erin olùtọ́jú àká ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Ikán ti wọ yàrá yín. Bí ẹ kò bá fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yín ránṣẹ́ kí oòrùn tó kan àtàrí, a ó ti yàrá náà pa títí láé. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni o."

Ẹtu gbójú sókè, oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àtàrí. Ó wo àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì tó ń mu ọmú. Bí wọ́n bá ti yàrá pa, kí ni òun yóò jẹ tí ọmú yóò fi wà fún wọn? Ìbẹ̀rù kò jẹ́ kó bi ara rẹ̀ pé láti ìgbà wo ni Erin ti ń pe òun ní oníyàrá ọ̀wọ́n. Ó tẹ ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn rẹ̀ ránṣẹ́, ó sì mí kanlẹ̀. Ó tiẹ̀ tún dúpẹ́! Ó kọ ọ́ sí i pé, "Ẹ ṣé o, Bàbá."

Inú Ìjàpá dùn dé ẹ̀yìn. Ó ní, "Kò tọ́pẹ́, ọmọ mi." Ó gbé agbọ̀n, ó di ọ̀nà àká. Ó sọ ọ̀rọ̀, ilẹ̀kùn ṣí. Ó kó iṣu, ó kó àgbàdo, ó kó èlùbọ́. Ó lọ, ó bọ̀, kò ṣẹ́ nǹkan kan kù.

Nígbà tí Ẹtu dé àká lọ́jọ́ kejì, ilẹ̀ lásán ló bá nínú yàrá. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì bú sẹ́kún. Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yìí dùn mí púpọ̀, nítorí ẹni tó jí oúnjẹ abiyamọ, ọmọ ló febi pa.

Ìyá Òkété ló gbọ́ ẹkún náà. Opó ni ìyá yìí, ojú rẹ̀ kò sì ríran kàwé mọ́. Ṣùgbọ́n yàrá rẹ̀ kún fún ẹyìn àti ẹ̀pà tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó jọ.

"Ọmọ mi, ta lo sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn rẹ fún?"

"N kò sọ fún ẹnikẹ́ni, Ìyá. Àfi Erin."

"Erin béèrè ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn?"

"Wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù."

"Ṣé o fojú rí wọn?"

"Rárá, Ìyá."

"Ṣé wọ́n pè ọ́ ní Àyọ̀ká, oríkì rẹ?"

Ẹtu tún àtẹ̀jíṣẹ́ náà wò. "Wọ́n ní oníyàrá ọ̀wọ́n."

Ìyá Òkété mi orí. "Ẹni tó mọ̀ ọ́ kọ́ nìyẹn. Nu ojú rẹ nù. Ọ̀kánjúwà kì í jẹ ẹ̀ẹ̀kan kó dákẹ́. Ẹni tó tàn ọ́ yóò tún tan ẹlòmíràn, a ó sì mọ̀ ọ́n."

Òótọ́ ló sọ. Kò ju ọjọ́ méjì lọ tí fóònù ìyá náà fi dún. Ìjàpá mọ̀ pé arúgbó náà kò lè kàwé, ló bá pè é. Ó fi imú sọ̀rọ̀, ó ń ṣe jẹ́jẹ́.

"Màmá, ẹ kú àárọ̀ o. Akọ̀wé àká ni mí. Erin ló rán mi sí yín. Orí yín mà ṣiṣẹ́ o! Erin ń fún àwọn àgbàlagbà ní epo pupa, kèrègbè mẹ́wàá-mẹ́wàá. Orúkọ yín ló wà níwájú."

"Kèrègbè mẹ́wàá! Èmi tí n kò tọrọ?"

"Ọ̀fẹ́ ni, Màmá. Ẹ ṣáà sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yín fún mi, ká lè gbé e sí yàrá yín. Ṣùgbọ́n kíá ni o. Àwọn míì ti ń dúró."

Ìyá Òkété rẹ́rìn-ín sínú. "Ó dára, ọmọ mi. Erin tó rán ọ sí mi, kí ló ní oríkì mi ń jẹ́?"

Ìjàpá bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò.

"Oríkì... ẹ̀n... Àjọkẹ́ ni, Màmá."

"Rárá o."

"Mo ṣì í pè ni. Àbẹ̀kẹ́."

"Òun kọ́."

"Àdùkẹ́! Àṣàkẹ́! Àníkẹ́! Ha, Màmá, nẹ́tíwọ̀kì yìí ò dáa o."

"Kò dáa lóòótọ́, ọmọ mi. Jẹ́ kí n rántí ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn mi ná, ogbó ti dé. Pè mí padà tí oòrùn bá yẹ̀ lórí."

Bó ti gbé fóònù sílẹ̀ báyìí, ó mú ọ̀pá rẹ̀. Ẹ fetí sílẹ̀ níbí o. Kò fi nọ́ńbà tó pè é yẹn béèrè ohunkóhun. Ọ̀nà ilé Erin tó ti mọ̀ láti kékeré ló tọ̀, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló sì fi rìn ín.

Kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí Erin fi kígbe látinú ilé pé, "Àwẹ̀ró! Ṣé àlàáfíà lo jí?"

"Àlàáfíà ni, Bàbá. Ṣé ẹ rán akọ̀wé sí mi pé kó gba ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn mi?"

"Akọ̀wé wo? N kò ní akọ̀wé. Ká tiẹ̀ ní mo ní, kí ni n ó fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn rẹ ṣe? Èmi fúnra mi kò gbọdọ̀ mọ̀ ọ́n."

Ìyá Òkété fa etí Erin wálẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí i. Ẹ̀rín pa Erin, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀.

Nígbà tí oòrùn yẹ̀ lórí, fóònù dún.

"Màmá, ṣé ẹ ti rántí?"

"Mo ti rántí o. Bàbá àwọn ọmọ mi ló yan ọ̀rọ̀ náà kí wọ́n tó kú. 'Ẹ gbà mí o' ni."

"Ẹ gbà mí o?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni. Igi àtijọ́ sì ni ilẹ̀kùn náà, kò gbọ́rọ̀ dáadáa mọ́. Ẹni tí kò bá fi gbogbo agbára ké e, kò ní ṣí fún un."

Ìjàpá fi fóònù pamọ́ sínú igbá ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Arúgbó yìí gbọ́n o! Ta ló lè ro irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?"

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wo ohun tí ọ̀kánjúwà ń fojú ẹni rí. Ní ìlú yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá gbọ́ "Ẹ gbà mí o," àgbẹ̀ á sọ ọkọ́ sílẹ̀, ẹni tó ń jẹun á fi oúnjẹ sílẹ̀, gbogbo wọn á sáré lọ gba onítọ̀hún là. Ìjàpá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìlú yẹn ni wọ́n bí i sí. Ṣùgbọ́n ẹyìn àti ẹ̀pà ti gba gbogbo ọkàn rẹ̀, kò ráyè ronú mọ́.

Agbọ̀n méjì ló gbé lọ lọ́tẹ̀ yìí. Ó dúró níwájú ilẹ̀kùn Ìyá Òkété, ó wúkọ́ díẹ̀, ó ní:

"Ẹ gbà mí o!"

Ilẹ̀kùn kò mira.

"Ẹ gbà mí o o!"

Kò sí nǹkan kan. Ìjàpá na ọrùn gbọọrọ, ó di ojú, ó fi gbogbo ara rẹ̀ sí i.

"Ẹ gbà mí o o o!"

Ilẹ̀kùn kò ṣí, ìlú ló ṣí. Ẹfọ̀n sáré dé pẹ̀lú kùmọ̀. Ẹkùn ń wẹ̀ lọ́wọ́, ọṣẹ ṣì wà lórí rẹ̀ nígbà tó dé. Ẹtu pọn ọmọ kan, ó gbé ìkejì dání. Wọ́n yí Ìjàpá ká.

"Ìjàpá, kí ló dé? Ta ló fẹ́ pa ọ́?"

"Kò... kò sí nǹkan kan. Ohùn mi ni mò ń dán wò."

"Níwájú ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn?" Ẹtu ló sọ bẹ́ẹ̀. "Tìwọ ti agbọ̀n méjì?"

"Mò ń kọjá lọ jẹ́jẹ́ mi ni."

Ìgbà yẹn ni Ìyá Òkété dé, Erin sì tẹ̀ lé e. Ìyá náà kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó mú fóònù rẹ̀ jáde, ó ní, "Ẹ fara balẹ̀. Akọ̀wé àká kan wà tó ń pè mí láti àárọ̀. Ẹ jẹ́ kí n pè é, bóyá yóò bá wa tú ọ̀rọ̀ yìí."

Ó tẹ̀ ẹ́.

Gbíń-gbíń-gbíń! Gbíń-gbíń-gbíń!

Inú igbá ẹ̀yìn Ìjàpá ló ti ń dún. Gbogbo wọn kọjú sí i. Ìjàpá ki orí bọ inú, ó ń wá fóònù náà kó lè pa á lẹ́nu mọ́, ṣùgbọ́n ó ti yọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Bó ti ń wá a ló ń dún. Ohùn rẹ̀ ń ti inú lọ́hùn-ún jáde: "Èmi kọ́ o! Nọ́ńbà ẹlòmíràn ni o!"

Ẹ̀rín sọ láàárín wọn. Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ṣoṣo ni ti olóhun, ọjọ́ náà ló dé yẹn. Ẹfọ̀n gbé Ìjàpá tilé-tilé, ó di ilé rẹ̀. Wọ́n bá iṣu Ẹtu níbẹ̀ tó ga dé àjà, díẹ̀ péré ló ti jẹ nínú rẹ̀. Agbọ̀n méjèèjì tó gbé wá jalè ni wọ́n ní kó fi kó gbogbo rẹ̀ padà, lójú gbogbo ayé, ní ọ̀sán gangan. Èyí tó sì ti jẹ, wọ́n ní kó lọ kọ ebè oko Ẹtu dí i nígbà tí òjò bá rọ̀.

Bó ti ń rù ú ni wọ́n ń kọrin tẹ̀ lé e. Ẹ bá mi gbè é:

Ta ló ké gbàmí lọ́sàn-án gangan?
*Jáńtirere!*
Olè ló ké gbàmí fúnra rẹ̀.
*Jáńtirere!*
Àwẹ̀ró bi í, akọ̀wé yadi.
*Jáńtirere!*
Iṣu ìyá ìbejì ti padà wálé.
*Jáńtirere, jáńtirere o!*

Ẹtu jó, ó jó títí àwọn ìbejì fi sùn lọ. Ó kó sí abẹ́ apá Ìyá Òkété, ó ní, "Ìyá, ẹ ti gbà mí." Ìyá náà ní, "Ìwọ náà yóò gba ẹlòmíràn. Sọ ohun tí ojú rẹ rí fún gbogbo ayé, má tijú. Olè ló yẹ kó tijú."

Ẹ̀yin ọmọ mi, Ìjàpá ayé òde òní kò tíì tán. Ó wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́, ó wà nínú ímeèlì, á ní báńkì lòun ti ń pè. Bó bá ń kán yín lójú, tó ń dẹ́rù bà yín, tàbí tó ń fún yín ní epo tí ẹ kò tọrọ, ẹ dákẹ́ ná. Ẹni tó bá fara balẹ̀ tú èèrà ló ń rí ìfun rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yín, ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kódà kí ó pe oríkì yín àti ti bàbá tó bí yín lọ́mọ. Ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín gba ọ̀nà tí ẹ mọ̀, kí ẹ lọ béèrè.

Ibi tí àlọ́ mi fìdí mọ́lẹ̀ sí nìyẹn. Bí mo bá bu irọ́ lá, kí iyọ̀ má dùn lẹ́nu mi mọ́. Láti ọjọ́ náà ni ìjàpá ti ń fa orí wọlé nígbàkígbà tó bá gbúròó nǹkan. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́ kó lọ fi ìka kan igbá ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Kíá ni yóò kó orí wọlé, á rò pé Àwẹ̀ró ló tún ń pe òun.