Ìdí Tí Ọrùn Kannakánná Fi Funfun

Nígbà láéláé, nígbà tí gbogbo ẹyẹ ṣì jọ ń gbàdúrà lábẹ́ igi àràbà kan ṣoṣo, dúdú ni Kannakánná láti orí dé ìrù. Nítorí ohùn rẹ̀ tó ń lọ jìnnà, òun ni wọ́n ní kó máa pe ìjọ sí àdúrà.

Nígbà tó yá, wọ́n ní ẹni tó ń pe àwọn náà ni kó kúkú máa darí àwọn. Wọ́n so aṣọ funfun mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n sọ ọ́ di Alágbà.

Adìyẹ tó ń gbálẹ̀ abẹ́ igi náà ní, "Ẹ̀yin ará, iṣẹ́ rẹ̀ lẹ rí. Ìwà rẹ̀ ńkọ́?"

Wọ́n ní kó gbájú mọ́ ilẹ̀ tó ń gbá.

Ọ̀gbẹlẹ̀ dé. Iná ọdún tó kọjá ti jó gbogbo ẹyin Ìyá Awó mọ́nú koríko, kò lọ́mọ kankan láyé. Mẹ́rin ló tún yé. Odò sì ti gbẹ, ọ̀nà jíjìn ló gbọ́dọ̀ lọ kó tó rí omi mu. Ó bá kó ẹyin rẹ̀ tọ Kannakánná lọ.

"Alágbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣọ́ wọn."

"Ìyá Awó, ẹ fọkàn balẹ̀. Ṣé ẹ ò rí aṣọ ọrùn mi ni?"

Lọ́jọ́ kejì tó dé, èèpo ẹyin mẹ́ta ló bá nílẹ̀. Pupa ẹyin ṣì wà lẹ́nu Alágbà. Adìyẹ ló fara bo ẹyin kẹrin, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lẹ́yìn rẹ̀ níbi tí Kannakánná ti fẹnu gún un.

"Yéè! Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú ló fata sẹ́nu!" Ìyá Awó ké, ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi ha. Gbogbo ìjọ ẹyẹ sáré dé.

Ojú ò ti Kannakánná. "Ẹ ní kí n máa pe ìjọ. Ọjọ́ wo ni n kò pè yín?"

Inú bí wọn, wọ́n fẹ́ já aṣọ náà. Wọ́n fà á títí, kò já. Ó ti di ìyẹ́.

"Ẹ fi í sílẹ̀," Adìyẹ ní. "Kò bẹ̀ yín. Ẹ̀yin lẹ so ó."

Láti ọjọ́ náà ni ọrùn Kannakánná ti funfun, tó ń ké tí ẹnikẹ́ni kì í ṣe àmín. Ọlọ́mọ tó bá rí i lókè, ńṣe ló ń kó ọmọ rẹ̀ pamọ́.

Adìyẹ ò joyè kankan títí dòní, ilẹ̀ náà ló ṣì ń tàn. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ẹyin awó sábẹ́ rẹ̀ wò. Kò ní bèèrè ọmọ ta ni, yóò sàba lé e.