Òkúta Dúdú Tí Kì Í Jẹ́ Kí Iná Kọjá

Nígbà láéláé, kí ìyá ìyá mi tó mọ ọ̀nà odò, Òkúta Dúdú kan wà létí omi. Kì í jẹ́ kí iná, irú ti mànàmáná, gba inú òun kọjá rárá. Agídí rẹ̀ ò kéré.

Inú rẹ̀ kún fún àwọn ọmọ kéékèèké tí ojú ò lè rí. Olúkúlùkù jókòó sínú yàrá tirẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Bí iná bá kanlẹ̀kùn, wọ́n á ní, "Ẹnì kan ṣoṣo ni yàrá yìí gbà. Padà."

Lọ́dún kan, àgbàrá òjò gbé Àwẹ̀ró, ọmọ Òjìjí, sọ sínú kòtò kan lẹ́yìn Òkúta. Òjìjí ni ẹja tí iná ń bẹ lára rẹ̀. Iná yẹn ló fi ń pe ọmọ. Nígbà tí odò fà, kòtò náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Ihò tóóró kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Òkúta tí Àwẹ̀ró lè gbà jáde, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ ò jẹ́ kó ríran. Àfi kí iná ìyá rẹ̀ júwe ọ̀nà fún un.

Òjìjí rán iná rẹ̀ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Òkúta ò gbà.

"Jọ̀wọ́, ọmọ mi ń kú lọ," ó wí.

"Kí ló kàn mí níbẹ̀?" Òkúta fèsì. "Àwọn tó ń ṣe gààrí ń fi àwọn àbúrò mi tẹ àpò ẹ̀gẹ́ títí omi inú rẹ̀ fi ń jáde. Àwa là ń tẹ ẹlòmíràn. Ta ló máa tẹ èmi?"

Àìmẹ́nu, àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Òjìjí ti gbọ́ ohun tó ń wá. Ó lúwẹ̀ẹ́ lọ bá Erin níbi tó ti ń mumi.

"Bàbá Erin, ẹ bá mi tẹ òkúta yẹn. Mi ò ní kúrò níwájú yín àfi tẹ́ ẹ bá dìde."

"Ó yá, Ìyá Àwẹ̀ró. Jẹ́ ká lọ."

Erin jókòó lé Òkúta. Òkúta rẹ́rìn-ín. Erin kó àwọn òkúta mìíràn lé e, ó tún jókòó. Òkúta ṣì ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ kó sí i," Òjìjí wí.

Erin kó sí i títí ó fi di òkìtì, ó wá gun orí rẹ̀, ó jókòó wàmù.

Ẹ̀rín dá. Àwọn yàrá inú Òkúta fún pọ̀, ilẹ̀kùn ò ṣeé tì mọ́. Èjìká àwọn ọmọ náà kan ara wọn, nígbà tí Òjìjí sì tún rán iná rẹ̀, ni wọ́n bá ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn, tí wọ́n ń nà án sí ẹnì kejì.

Àwẹ̀ró mọ iná ìyá rẹ̀ lára. Ó tẹ̀ lé e wọ inú ihò, ó sì jáde sí àyà ìyá rẹ̀. Òjìjí sunkún ayọ̀.

Bí Erin ṣe dìde báyìí, gbogbo ilẹ̀kùn tún padé.

Láti ọjọ́ náà la ti mọ̀ pé irú òkúta bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí iná kọjá, àfi tí a bá tẹ̀ ẹ́ gidigidi. Òkúta sì rántí pé ẹnu òun ló kó bá òun. Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́ títí di òní.