Nígbà Tí Bàálù Bá Kọjú Sí Ọ

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan lágbègbè Èkìtì. Ọ̀gá ilé-ìwé ni kí ó tó fẹ̀yìn tì, ọwọ́ rẹ̀ kò sì mọ ìsinmi. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ta ayò lábẹ́ igi, bàálù ni òun ń kàn. Kì í ṣe bàálù tí ènìyàn ń wọ̀. Èyí kékeré ni, èyí tí ènìyàn lè há sí abíyá, tí ó ní ẹ́ńjìnnì àti bátìrì tirẹ̀. Ẹni tó ni ín yóò dúró lórí ilẹ̀, yóò di rìmóòtù mú, yóò sì máa darí rẹ̀ lójú ọ̀run bí ẹni ń da ẹran.

Ó mọ̀ ọ́n kàn. Igi fúyẹ́fúyẹ́ ni ó fi ń ṣe egungun rẹ̀. Yóò fá a títí yóò fi dán, yóò fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, yóò fi ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, yóò wá fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ̀ ẹ́ kí ó lè fà le gbọingbọin.

Ìyàwó rẹ̀ bi í léèrè nígbà kan pé, "Bàbá Ìbídùnní, ibo gan-an ni bàálù yìí fẹ́ gbé wa lọ?"

Ó ní, "Bí kò tilẹ̀ gbé wa débì kan, yóò gbé mi kúrò nídìí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó bá a gbá eruku igi.

Kíkàn ni ó mọ̀. Fífò rẹ̀ ni kò tíì mọ̀.

Lẹ́yìn ìlú, pápá kan wà tí ìjọba ti fìgbà kan dáko sí. Ibẹ̀ ni àwọn tó fẹ́ràn eré yìí ti ń pàdé ní òwúrọ̀ Sátidé. Wọn kò pọ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe jù nínú wọn ni obìnrin kan tó jẹ́ dókítà eyín, tí kò dàgbà ju ọmọ ọ̀gá ilé-ìwé náà lọ.

Bàálù ọkùnrin yìí a máa gbéra dáadáa. A sáré lórí koríko, a gbé imú sókè, a sì máa lọ. Bí ó bá ti ọ̀pá kékeré tó wà lára rìmóòtù sọ́tùn-ún, bàálù a yà sọ́tùn-ún. Bí ó bá tì í sósì, a yà sósì. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti yí i padà pé kó máa bọ̀, ìjàngbọ̀n dé. Apá kan a rẹlẹ̀. Ọkùnrin náà a sáré ti ọ̀pá sí òdìkejì láti gbé e dìde, apá náà a tún rẹlẹ̀ sí i. A tún tì í, tagbára tagbára. Bàálù a wá yí bìrí, a forí lélẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ já sínú oko ẹ̀gẹ́. Èkejì forí sọ òkìtì ọ̀gán, apá rẹ̀ sì fà ya bí ewé.

Ó ní afẹ́fẹ́ ni. Ó ní bátìrì ni. Nígbà tó yá, ó ní igi tí wọ́n tà fún òun ni kòkòrò ti jẹ.

Dókítà eyín sún mọ́ ọn. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n dúró tì yín nígbà tí ẹ bá ń yí i padà."

"Dókítà, mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ kí wọ́n tó bí ọ. Ṣé ohun tí mo fọwọ́ ara mi kàn ni kò ní gbọ́ tèmi?"

Obìnrin náà kò jiyàn. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà," ó sì padà sídìí bàálù tirẹ̀.

Ọkùnrin yìí bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo, Ìbídùnní tí a fi ń pe òun àti ìyàwó rẹ̀. Ó rán an lọ kọ́ ìmọ̀ òfin. Ọmọ náà fi í sílẹ̀ láàárín ọ̀nà, ó gba Jọ́ọ̀sì lọ, ó ń gbin òdòdó tà. Ọkùnrin kan tí bàbá rẹ̀ kò rí rí ni ó sì fẹ́. Fún ọdún díẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn kì í ju ìkíni lọ. Ìyá bẹ ọmọ títí, ó wálé lásìkò ọdún Àjíǹde. Kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tán tí bàbá rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀.

"Wò ó bí o ṣe rù. Ṣé òdòdó ni ẹ ń jẹ níbẹ̀ ni? Ilé ẹ̀kọ́ kò kúrò níbi tó wà o, bí o bá gbọ́n."

Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni lójú tirẹ̀. Ọmọ tó ti yẹ̀ kúrò lọ́nà ni ó fẹ́ dá padà. Ìbídùnní fèsì. Bàbá le sí i. Ìbídùnní tún fi èsì tó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ fún un. Bí ilẹ̀ ti mọ́, ó ti kó ẹrù rẹ̀, ó wọkọ̀ padà. Láti ìgbà náà ni ìyá rẹ̀ kò ti fi bàálù ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Yóò gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún ọkọ rẹ̀, yóò sì yí ẹ̀yìn padà láìsọ̀rọ̀. Ilé wá dákẹ́ bí ilé tí a kó jáde.

Ọkùnrin náà kan bàálù kẹta. Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ni ó fi kàn án, òun ló sì dára jù nínú gbogbo èyí tí ó tíì kàn. Ó gbé e dé pápá, ó gbé e lé orí koríko, ó di rìmóòtù mú. Kò jẹ́ kó gbéra. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí àwọn ẹlòmíràn fi bẹ̀rẹ̀ sí wo ojú ara wọn. Ó wá yíjú padà.

Ó ní, "Dókítà, jọ̀wọ́, wá dúró tì mí."

Obìnrin náà wá. Bàálù gbéra, ó lọ, ó yí padà, ó ń bọ̀.

Dókítà ní, "Bàbá, nígbà tó ń lọ, ibì kan náà ni ẹ̀yin àtòun jọ kọjú sí. Ọ̀tún yín ni ọ̀tún rẹ̀. Ó ti kọjú sí yín báyìí. Ọ̀tún yín ti di òsì rẹ̀."

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ta ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Orí yín mọ̀ ọ́n, sà. Ọwọ́ yín ni kò mọ̀ ọ́n."

Bí ó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni apá kan rẹlẹ̀.

"Ẹ má fà á! Ọwọ́ yín wo ni apá tó rẹlẹ̀ wà?"

"Ọ̀tún mi."

"Ẹ ti ọ̀pá sọ́tùn-ún. Ibi tó ti rẹlẹ̀ gan-an ni kí ẹ tì í sí, bí ẹni fi igi ti ògiri tó fẹ́ wó."

Gbogbo ara ọkùnrin náà kọ̀ ọ́. "Yóò já!"

"Ẹ tì í síbẹ̀, sà. Díẹ̀ ni o."

Ó tì í síbẹ̀. Apá tó rẹlẹ̀ gbéra sókè, bàálù sì gún régé. Ó tún fẹ́ tẹ̀ sápá kejì, ọkùnrin náà tún ti ọ̀pá síbẹ̀. Bàálù ń bọ̀, ó ń bọ̀, títí ó fi kan koríko, tó rọra yí lọ, tó dúró. Àwọn tó wà níbẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ṣòkòtò funfun.

Nígbà tó ṣe, ó bèèrè pé, "Àwọn méjì tó já ńkọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ tì wọ́n lulẹ̀, Bàbá. Ẹ rò pé ẹ ń gbé wọn dìde ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára ju bí obìnrin náà ti rò lọ. Ọ̀rọ̀ náà bá a délé, kò sì jẹ́ kó sùn.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ìròyìn wá láti Jọ́ọ̀sì. Yìnyín ti wó ọgbà òdòdó Ìbídùnní mọ́lẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì ti lọ wáṣẹ́ sí ọ̀nà jíjìn. Ìbídùnní ń bọ̀ wálé wá sinmi díẹ̀.

Ìyàwó ọkùnrin náà dúró níwájú rẹ̀. "Bàbá Ìbídùnní, ó ń bọ̀. Bí ẹ bá tún dá ọ̀rọ̀ òfin sílẹ̀ fún un, bó bá ti ń lọ, èmi náà á bá a lọ." Kò sì fi ṣeré.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ọkùnrin yìí dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó rí ọmọ rẹ̀ tó ń wọlé bọ̀ láti ẹnu géètì. Ìbídùnní le ojú koko. Ó hàn pé ó ti kó èsì jọ láti Jọ́ọ̀sì wá. Bàbá náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lẹ́nu: Ṣebí mo sọ fún ọ? Ọ̀rọ̀ náà dé etí ètè rẹ̀. Ó gbé e mì. Ó wo ọmọ náà dáadáa, ó ń wá ibi tó ti rẹlẹ̀. Kì í ṣe ìwé òfin ló ń dun ọmọ yìí.

Ó ní, "Ìbídùnní, pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Òdòdó wo ni yìnyín bà jẹ́ jù?"

Ìbídùnní dúró sójú kan. Ó ti múra sílẹ̀ de gbogbo ọ̀rọ̀, àfi èyí.

"Rósì ni, sà. Àwọn pupa."

"Ṣé wọ́n ti yọ ìrudi?"

"Wọ́n ti yọ ọ́, Bàbá mi. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n là." Ibi tó sọ ọ́ dé nìyẹn tí ẹkún fi gbọ̀n ọ́n. Bàbá rẹ̀ gba ẹrù lórí rẹ̀, ó dì í mú.

Wọ́n jókòó títí ọbẹ̀ fi tutù. Ọkùnrin tó ti kọ́ni títí tó fi fẹ̀yìn tì kọ́ bí a ṣe ń gbin rósì lọ́jọ́ náà. Kò mẹ́nu ba òfin. Nígbà tí Ìbídùnní padà sí Jọ́ọ̀sì, ó gbin òmíràn, bàbá rẹ̀ ni ó sì kọ́kọ́ pè nígbà tí wọ́n là. Òun fúnra rẹ̀ ló bi bàbá rẹ̀ nígbà tó yá bóyá kò tíì pẹ́ jù láti parí ìwé òun. Bàbá ní, "Bó o bá fẹ́ ni."

Ìwọ tí o jókòó síwájú mi yìí, àbúrò rẹ ń bọ̀ lọ́la. O ti sọ fún mi ohun tí o fẹ́ bá a sọ, mo sì gbọ́. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ. Ṣùgbọ́n láti ibi tí o dúró sí ni o ti ń wò ó, òun sì ti kọjú sí ọ. Ohun tí o pè ní gbígbé dìde lè jẹ́ títì lulẹ̀ lọ́dọ̀ tirẹ̀. Má fà á. Wo ibi tó ti rẹlẹ̀, kí o fi ọwọ́ rẹ tì í níbẹ̀, jẹ́jẹ́. Ìbáwí kì í bàjẹ́ bí ó bá di ọ̀tunla. Jẹ́ kí ọmọ ìyá rẹ kọ́kọ́ balẹ̀ ná.