Páálí Inú Búùtù

Ọdún kẹfà rèé tí Ìbídùn àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ti ń kọrin tàkasúfèé n'Íléṣà, rédíò kan ò gbé e sáfẹ́fẹ́ rí. Ọkùnrin kan wá fi mọ́tò dé, ó ní òun ó sọ wọ́n di olókìkí, kí wọ́n ṣáà buwọ́ lùwé pé gbogbo orin wọn ti di tòun. Àwọn ọ̀rẹ́ ti mú bírò. Ara fu Ìbídùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ta lẹ ti sọ di olókìkí rí?"

"Èmi gan-an! Olórin ni mí."

Ó ṣí búùtù mọ́tò rẹ̀. Páálí mẹ́rin ló kún fọ́fọ́ fún àwo orin rẹ̀. Ó fa ọ̀kan yọ, ó nu eruku ara rẹ̀. "Ẹ gbà, ọ̀fẹ́ ni."

Ìbídùn gba bírò lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó ní òun ó dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò. Eruku ló wà lọ́rùn tiyín."