Káàdì Fárèmí àti Ojú Màmá

Obìnrin kan wà ní Ìbàdàn tó ń jẹ́ Fárèmí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni fífi kọ̀ǹpútà ya àwòrán tó ń rìn, tó sì ń sọ̀rọ̀. Ìyá ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà nídìí agbada àkàrà, àlọ́ erin ló sì máa ń fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Dókítà ti wá sọ pé ojú màmá náà ń ṣú lọ, kò sì ní padà. Fárèmí pinnu pé màmá gbọ́dọ̀ fojú ara rẹ̀ rí erin náà kó tó pẹ́ jù.

Káàdì tó ń ya àwòrán nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò yára, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́. Ìgbà náà ni ìpolówó gbòde pé tuntun ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, èyí tó máa ṣe iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan lọ́jọ́ kan. Fárèmí bá gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ bá Látúndé tó ń ta ẹ̀yà kọ̀ǹpútà, pé kó yọ káàdì náà, kó rà á lọ́wọ́ òun kí owó rẹ̀ tó já wálẹ̀.

Látúndé kò fọwọ́ kàn án. Ó ní, "Àǹtí, ní ìsọ̀ tiwa, a kì í yọ àtijọ́ kí tuntun tó ṣiṣẹ́ lójú ẹni tó ni ín. Ṣé ẹ ti béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe ọpọlọ káàdì náà?"

"Mo mọ ọjọ́ tó máa jáde. Ìyẹn ti tó."

"Kò tó. Iyanrìn ni wọ́n ń yọ́ di àwo pẹlẹbẹ. Orí àwo kan ni wọ́n ti ń fín ọ̀pọ̀ ọpọlọ pọ̀, kí wọ́n tó gé wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀nà ìfín tuntun ni wọ́n fẹ́ lò fún èyí, ìlà rẹ̀ tín-ín-rín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ọwọ́ wọn ò bá tíì mọ́ ọn, èyí tó pọ̀ jù lórí àwo ló máa bàjẹ́. Ìyókù ò ní kárí."

Fárèmí rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúkú sọ pé ẹ ò fẹ́ rà á." Látúndé mí kanlẹ̀, ó sì rà á.

Oṣù tó ń bọ̀ dé, káàdì kò dé. Ìfín tuntun ń yọ àwọn tó ń ṣe é lẹ́nu, wọ́n bá sún ọjọ́ síwájú, wọ́n tún sún un. Nígbà tí díẹ̀ jáde, ó tán kó tó kan Ìbàdàn. Fárèmí ní kí òun ra irú ti tẹ́lẹ̀ padà, àmọ́ Látúndé ti ta tirẹ̀, gbogbo ẹni tó ní irú rẹ̀ sì dì í mú. Iṣẹ́ dúró, erin dúró, ojú màmá kò dúró. Fárèmí bínú sí ara rẹ̀ gidi.

Káàdì náà dé níkẹyìn, ó sì yára lóòótọ́. Kò pẹ́ tí àwòrán fi parí. Fárèmí gbé e síwájú màmá. Màmá kọjú sí ibi tí ohùn ti ń wá, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Àwọ̀ wo lo kùn ún?"

"Àwọ̀ aró, Màmá, bí ẹ ṣe máa ń sọ ọ́." Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ forí jì mí. Wọ́n ní oṣù kan péré ni."

Màmá ń fọwọ́ wá a kiri títí ó fi di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ta ló ní bẹ́ẹ̀, ọmọ mi? Ṣé ẹni tó ń dín àkàrà ni, àbí ẹni tó ń polówó rẹ̀?"

Fárèmí jókòó tì í. Ó kàn ń ròyìn erin náà fún un títí àwòrán fi tán.

Nígbà tó padà sọ ọ̀rọ̀ màmá fún Látúndé, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún gbogbo oníbàárà tó bá fẹ́ tètè yọ káàdì. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà ìsọ̀ kọ̀ǹpútà fi ń pa á lówe pé a kì í dín àkàrà lẹ́nu apolówó. Ojú agbada ni ká lọ wò.